Ilẹ̀kùn Tí A Fá Lẹ́ẹ̀mejì

Oǹdó,
Ọ̀sán Sátidé.

Bọ́sẹ̀dé, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Jáde síta kó o tó ka lẹ́tà yìí. Mi ò bá ẹ ṣeré. Kọjá sí òdìkejì títì, jókòó sí ìsọ̀ ẹnikẹ́ni tó bá gbà ẹ́ láàyè, kó o tó máa kà á lọ. Tó o bá ti jókòó, ó yá, mo kí ẹ. O kú oríire iṣẹ́ tuntun, o kú àtìpó láàárín àwọn ará Àkúrẹ́ tó ń pe ilé ní ulé. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yìí débi pé mo ti fi yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì títí àwọn ẹgbẹ́ mi fi ń sá fún mi. Ọmọ tó gba iṣẹ́ sọ́fíyọ̀, iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ṣe, ta ni kò ní fi í yangàn?

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó o sun nínú yàrá tó o gbà yẹn mọ́, ì báà ṣe ọjọ́ kan péré. Ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé nìyẹn. Gbogbo èyí tó kù, àlàyé rẹ̀ ni.

Wàá ní, "Ṣé Màmá ò ní fóònù ni?" Mo ní. Mo pè ẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, mo tún pè ẹ́ lánàá, o sì fi mí rẹ́rìn-ín nígbà méjèèjì. Láti kékeré lo ti rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu kì í wọ̀ ẹ́ létí. Tí mo bá ní má fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná, wàá fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ tí mo bá fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri, wàá rọra yà fún un. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti bébà láti àárọ̀, tí iṣu mi sì ti jóná lórí iná. Ó jóná tán pátápátá.

Jẹ́ kí n rán ẹ létí ohun tó o sọ, kó o má baà ní mo fi kún un. O ní, "Màmá, ẹ wá gbọ́ ìyanu o. Ilé tí à ń ṣọ́ pé kó má rì, ṣe ló ń ga sókè. Gbogbo òpó ló ń ga, bákan náà." O ní ọ̀gá yín sọ pé ẹ̀rọ ló ń ṣiwèrè, kó o máa yọ èyí tó bá lé kúrò kí ìwé yín lè dọ́gba. Mo bi ẹ́ pé níbo lẹ kan bẹ́ńṣìmáàkì yín mọ́, àmì tí ẹ fi ń wọn àwọn òpó. O ní, "Orí àtẹ̀gùn ilé tí mò ń gbé ni. Ilé àtijọ́ ni, kò sán níbì kankan, Màmá onílé sì ń fún wa lómi mu." Mo wá bi ẹ́ bóyá ilẹ̀kùn yàrá rẹ ń tì dáadáa. Ìgbà yẹn lo bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀n-ẹ́n, báwo lẹ ṣe mọ̀? Ó ń ha ilẹ̀. Káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ fá ìdí rẹ̀ ni."

Mo ní kó o kó ẹrù rẹ jáde, o ní, "Màmá, ẹ ti ń dàgbà o." Ó dáa. Jẹ́ kí àgbà sọ tirẹ̀.

Èkíní tí mo fẹ́ kó o mọ̀: nígbà tí gbogbo nǹkan bá ń lọ sókè bákan náà, wo abẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ. Ká ní ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ dúró nínú àbàtà, tí ẹrẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀ rẹ mì díẹ̀díẹ̀, tó ò sì fura. Ọ̀rẹ́ rẹ lo máa rò pé ó ń ga. Wàá máa yọ̀ mọ́ ọn, wàá máa ní, "Họ́wù, lágbájá, o ti ga jù mí lọ!" títí ẹrẹ̀ á fi dé ọ ní ìgbáròkó. Wọn ò kọ́ mi ní èyí nílé ìwé. Ilé ìyá mi, Màmá Àgbà, ni mo ti kọ́ ọ.

O mọ̀ pé yàrá ẹ̀yìn ilé Màmá Àgbà wọlẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹ. Bí àwọn ẹbí ṣe ń sọ ọ́ ni pé ilẹ̀ lanu, ó gbé yàrá mì, Olúwa yọ Màmá. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo wà nídìí ẹ̀rọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ojú mi ló ṣe.

Wọ́n ń kọ́ gbọ̀ngàn alájà kan sẹ́yìn ilé wa nígbà náà. Ọlọ́là kan ló ni ín. Wọ́n gbà mí pé kí n máa ṣọ́ àwọn òpó rẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì, kò sì sí ilé tuntun tí kì í rì díẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni láti mọ̀ bóyá rírì náà mọ níwọ̀n. Kí á tó lè mọ̀ ọ́n, a gbọ́dọ̀ ní àmì kan tí kì í mì rárá, tí a ó máa ti ara rẹ̀ wo àwọn yòókù. Orí àpáta ló yẹ kí n kàn án mọ́. Àpáta sì wà, ṣùgbọ́n orí òkè ni, oòrùn mú, ìwà ọ̀dọ́ sì ń ṣe mí. Mo wo ilé bàbá mi. Owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ. Bí àlejò bá dé, bàbá mi á gbá ògiri ní àbàrá, wọ́n á ní, "Ilé yìí? Kò lè mì láéláé." Mo gbà wọ́n gbọ́, torí bàbá mi ni wọ́n. Mo sì tún rò ó pé tí àmì mi bá wà níbẹ̀, ojoojúmọ́ ni màá máa jẹ iyán Màmá.

Bí mo ṣe kan ìṣó mọ́ àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé nìyẹn, lẹ́bàá yàrá tí Màmá Àgbà ń sùn gan-an. Àwọn fúnra wọn ló di ìṣó mú tí mo fi gbá a wọlẹ̀. Wọ́n ní, "Máa rọra o, má fọ́ ilé ọkọ mi." A jọ rẹ́rìn-ín.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn òpó rì díẹ̀ bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbẹ́ kòtò ńlá kan fún ibi ìkómisí lábẹ́ ilẹ̀, omi ń sun níbẹ̀, wọ́n wá gbé pọ́ọ̀ǹpù sí i. Pọ́ọ̀ǹpù yẹn ń hó lọ́sàn-án, ó ń hó lóru, títí etí wa fi gbàgbé pé ó ń hó. Ṣé o rántí pé o sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún mi nípa ti yín? O ní o ò gbọ́ ọ mọ́.

Ìgbà yẹn ni àwọn òpó bẹ̀rẹ̀ sí í ga.

Mo rò pé àṣìṣe ni. Mo yẹ lẹ́fẹ̀lì wò, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn gíga, kò sí nǹkan kan. Mo yá lẹ́fẹ̀lì ẹlòmíràn, ohun kan náà ló sọ. Fọ́máànù wá bá mi, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni wà nínú ìsìn òkú. "Ọ̀gá mádáàmù, ṣé ilé yìí ń dàgbà ni?" Mo ní kó kúrò lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti tàn. Bíríkìlà kan ní òun fi etí lé òpó, òun sì gbọ́ tí nǹkan ń mí nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn kan kọ̀, wọn ò gun àkàbà mọ́. Ọlọ́là tó nilé ní tirẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó ní Ọlọ́run tó ń gbé òun ga ti ń gbé ilé òun náà. Ó tiẹ̀ fẹ́ ṣe ìdúpẹ́.

Èmi náà ò lè sùn dáadáa mọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé gíga náà dọ́gba ju bó ṣe yẹ lọ. Ilé tó bá fẹ́ bàjẹ́, igun kan ló máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Èyí ń dìde lódindi, jẹ́ẹ́, bí ẹni tí wọ́n ń gbé lórí àtẹ́lẹwọ́.

Tí mo bá ṣíwọ́ lọ́sàn-án, màá lọ jẹun lọ́dọ̀ Màmá Àgbà. Níbẹ̀, àwọn nǹkan kéékèèké ń ṣẹlẹ̀ tí mi ò kà sí. Aago ara ògiri tí bàbá mi rà, èyí tó ní irin tó ń fì sọ́tùn-ún sósì, bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Màmá á tì í, á lù díẹ̀, á tún dákẹ́. Wọ́n ní, "Bàbá yín ló ń dá a dúró. Wọ́n fẹ́ kí n máa bọ̀ lọ́run." Wọ́n á sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, ṣùgbọ́n wọn kì í wo aago náà tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Ọsàn tí wọ́n bá kó sórí tábìlì á yí lọ sí igun kan, igun kan náà ni lójoojúmọ́. Àwọn adìyẹ tó máa ń yé ẹyin sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá kọ yàrá yẹn sílẹ̀. Tí Màmá bá da ọkà síbẹ̀, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á na ọrùn, wọ́n á wo ọkà náà, wọ́n á pẹ̀yìn dà.

Ilẹ̀kùn yàrá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀. Màmá ní káfíńtà ayé ìsinsìnyí ò mọṣẹ́. Ta ló lọ pe káfíńtà? Èmi ni. Akin Káfíńtà wá, ó fá ìdí ilẹ̀kùn, ó ń tì. Kò pẹ́, ó tún ń ha. Mo tún pe Akin, ó tún fá a. Mo dúró tì í pẹ̀lú ọbẹ̀ lẹ́nu, mò ń sọ fún un pé kó fá a dáadáa lọ́tẹ̀ yìí.

Ìyá rẹ nìyẹn, odidi sọ́fíyọ̀. Ìdajì ọjọ́ ni mo fi ń wá ohun tó ń mì kiri, ìdajì yòókù ni mo fi ń fá ilẹ̀kùn tó fẹ́ sọ fún mi.

Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọbẹ̀. Gbogbo wa là ń wo ògiri. Ògiri ilé wa ò lanu o, kò sán rárá. Ilẹ̀ ló lanu, lábẹ́, níbi tí ojú ò tó.

Lọ́jọ́ náà, Màmá Àgbà jí pẹ̀lú ìbínú. Ilẹ̀kùn tí Akin fá lẹ́ẹ̀kejì ti wá kéré jù, kì í ha mọ́, ṣùgbọ́n kò tì. Bí wọ́n bá tì í, á tún rọra ṣí padà. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán wọ́n mú agbòòrùn wọn, wọ́n ní àwọn ń lọ bú Akin nísọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Màmá, oòrùn mú, ẹ sùn díẹ̀ ná." Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, Bọ́sẹ̀dé. Mo ní kí wọ́n lọ sùn. Wọ́n ní, "Sùn? Pẹ̀lú ilẹ̀kùn tó ń ṣí fúnra rẹ̀?" Wọ́n kọjá lọ.

Mo padà sídìí lẹ́fẹ̀lì. Súlè, bàbá àgbàlagbà tó máa ń bá mi di ọ̀pá ìwọ̀n mú, lọ gbé ọ̀pá náà lé orí ìṣó ní àtẹ̀gùn. Mo fojú sínú awò lẹ́fẹ̀lì láti ka nọ́ńbà ara ọ̀pá. Nọ́ńbà náà ń rìn. Mo nu ojú mi, mo tún wò. Ó ń rìn síbẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbín.

Mo pariwo, "Súlè, dúró jẹ́ẹ́!"

Ó dáhùn pé, "Mo dúró, ọ̀gá. Mi ò mì o."

Òótọ́ ló sọ. Mo gbé ojú kúrò, mo wo òun fúnra rẹ̀: ó dúró ṣánṣán, kò mira. Mo tún fojú sí awò: nọ́ńbà ń rìn. Súlè ń lọ sísàlẹ̀ níwájú mi, kò sì mọ̀. Òun, ọ̀pá, ìṣó, àtẹ̀gùn, ilé bàbá mi, gbogbo wọn ń lọ sísàlẹ̀ pọ̀. Níbẹ̀ ni ó ti yé mi. Gbọ̀ngàn ò ga rí. Ojú kan ló wà láti ọjọ́ yìí wá.

Mi ò mọ ohun tí mo pariwo. Súlè ní mo ní, "Yéè, ìyá mi!" Ó ju ọ̀pá nù, ó sì sá. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi tí eruku fi yọ lójú fèrèsé yàrá ẹ̀yìn, tó rọra jáde bí èéfín sìgá. Kò sí ariwo. Títí dòní, ohun tí mo máa ń rántí jù nìyẹn. Ilé tí mo rò pé tó bá máa wó, gbogbo Oǹdó ló máa gbọ́, mi ò gbọ́ ju pọ́ọ̀ǹpù tó ń hó.

A wọlé láti iwájú. Pálọ̀ dúró, àga dúró. Aago tó ti kú ń lù, kò, kò, kò, bí ẹni pé kò ṣàìsàn rí. Ilẹ̀kùn yàrá Màmá Àgbà sì ti tì. Ilẹ̀kùn tí kò ṣe é tì láàárọ̀, ó tì géérégé, irin ìdè rẹ̀ ti wọlé sójú ihò rẹ̀. Mo rò pé Màmá ti padà dé tí wọ́n sì ti sùn. Mo kanlẹ̀kùn. Mo ní, "Màmá?" Mo tún kàn án. Súlè di apá mi mú kí n tó ṣí i, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, èmi kọ́ ni ì bá bí ẹ. Kò sí yàrá lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Oòrùn ló wà níbẹ̀, àti ihò. Nísàlẹ̀ ihò, bẹ́ẹ̀dì Màmá dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ṣì tẹ́ sí i dáadáa, omi sì ń gòkè bọ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Kànga bàbá bàbá mi ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n kó èèpo kòkó àti pàǹtírí dí i nígbà tí wọ́n fẹ́ fi yàrá kún ilé, wọ́n da símẹ́ńtì lé e. Gbogbo ẹbí ló mọ̀, kò sẹ́ni tó ń rántí. Pọ́ọ̀ǹpù ti fa iyanrìn abẹ́ ilé lọ pẹ̀lú omi títí símẹ́ńtì fi ku òun nìkan. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá: iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí sí ni kí n sọ fún wọn bí ilẹ̀ bá ń lọ, ìyá mi sì ni ilẹ̀ ń lọ lábẹ́ rẹ̀.

Màmá Àgbà padà dé, wọ́n ṣì ń bú Akin bọ̀ lọ́nà. Wọ́n wo ihò náà títí. Wọ́n ní, "Mo ti bú ọmọ ọlọ́mọ lásán." A wá gbé wọn jókòó. Wọn ò sun yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú.

Ìwọ wá sọ fún mi pé káfíńtà ti fá tìrẹ.

Èkejì nìyí, má jẹ́ kó bọ́ lórí rẹ. Ọ̀gá rẹ ní kó o máa yọ èyí tó lé kúrò. Ẹni tó ń fá nọ́ńbà kó lè dọ́gba àti ẹni tó ń fá ilẹ̀kùn kó lè tì, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Má bá a jà o. Ọ̀gá ni, kò sì sí ìyà tí ń jẹ ẹlẹ́nu-tútù. Kúnlẹ̀ kí i, kó o ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká gbé lẹ́fẹ̀lì lọ sórí àpáta, ká fi wo bẹ́ńṣìmáàkì wa fúnra rẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n pa pọ́ọ̀ǹpù ná." Tó bá kọ̀, má fọwọ́ sí ìwé tó ti fá. Tó bá lé ẹ, wálé. Iyán wà.

Ẹ̀kẹta: má fi àmì rẹ sí ibi tí wọ́n ti ń fún ẹ lómi mu. A kì í lè fi ojú tó mọ́ wo ẹni tó ń ṣe wá lóore, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé rẹ̀. Wá àpáta lọ, kó jìn, kí oòrùn pa ẹ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, kì í ṣe ọ̀fun.

Mo ní ẹ̀kẹrin, mo ti gbàgbé rẹ̀. Jẹ́ ká lọ síbi tó kàn.

Má dá nìkan jáde. Màmá onílé rẹ ńkọ́, àti àwọn ayálégbé yòókù? Ṣùgbọ́n má lọ sọ fún obìnrin náà pé ilé rẹ̀ fẹ́ wó. Ó máa ní o fẹ́ fi ẹnu ba tòun jẹ́, á sì jókòó tì í. Ìyá mi náà ì bá jókòó tì í. Mo ti kó iṣu sẹ́yìn mọ́tò Délé ẹ̀gbọ́n rẹ tó mú lẹ́tà yìí wá. Lọ sọ fún màmá onílé pé ẹ̀gbọ́n rẹ dé láti Oǹdó, pé ìyá rẹ fi iṣu ránṣẹ́ sí i, pé Délé fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí i níta kó sì gbàdúrà fún un. Kò sí ìyá Yorùbá tí kò ní jáde fún ìyẹn. Jẹ́ kó pe àwọn ayálégbé kí wọ́n wá bá a ru iṣu. Tí gbogbo wọn bá ti wà lódìkejì títì, kó o wá fi lẹ́tà yìí hàn án. Tó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi. Wọ́n ti bú Akin rí, kò kú.

Délé ò ní wọlé. Mo ti bá a sọ ọ́. Mo ní kó má wọlé, kó má jókòó, kó má gba omi mu, kó dúró lẹ́yìn géètì kó máa pè ẹ́. Inú rẹ̀ ò dùn, ó ní kí ni wọ́n ń pe irú ìyẹn, kéèyàn dé ilé àbúrò ẹni kó dúró síta bí agbowó-orí. Jẹ́ kó bínú. Ọmọ méjì ni mo bí, mi ò sì fẹ́ kí àwọn méjèèjì wà lábẹ́ òrùlé yẹn lẹ́ẹ̀kan náà.

Bọ́sẹ̀dé, mo mọ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé o ò jáde. Orí bẹ́ẹ̀dì lo jókòó sí, o ká ẹsẹ̀ kò, ò ń fi ìyá rẹ rẹ́rìn-ín. Dìde. Má kó ẹrù. Mú bàtà lọ́wọ́ tí o ò bá ráyè wọ̀ ọ́. Bó o ṣe ń jáde, fa ilẹ̀kùn yẹn mọ́ra. Tó bá ṣì ń ha ilẹ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kó o sì máa lọ. Ṣùgbọ́n tó o bá rí i pé ó ti ń tì dáadáa lónìí, má padà wọlé mú ohunkóhun, ì báà jẹ́ lẹ́tà yìí lo gbàgbé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó ń retí mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà.